KÍ NI Ó DI ILÉ WA MÚ?



Ẹ̀yin baba wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ péjọ síbí, ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè jọ ọ̀rọ̀ kíláàsì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Láti Ẹ̀gbẹ̀dá dé Ìkòtún, láti Ìkòtún dé Ìgándò, kò sí àdúgbò tí a kì í ti í rí òkìtì iyanrìn, àwọn tí ń mọ búlọ́ọ̀kù, àti ilé tí a ń kọ́ lọ́wọ́. Ìbéèrè mi ni pé: kí ni ohun náà gan-an tí ó so iyanrìn mọ́ òkúta, tí ó fi di ilé tí à ń sùn sí?

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo amọ̀. Àwọn baba ńlá wa fi amọ̀ mọ ilé, àwọn ìyá ńlá wa sì fi amọ̀ mọ ìkòkò. Bí òjò bá ń rọ̀ sórí ògiri amọ̀ tí kò ní òrùlé, ògiri náà yóò padà di ẹrẹ̀. Ṣùgbọ́n ìkòkò tí a ti fi iná sun, omi ni à ń pọn sínú rẹ̀, kò sì yọ́. Amọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì. Ohun tí ó yàtọ̀ ni bí ègé inú wọn ṣe di ara wọn mú.

Gbogbo ohun tí ojú ń rí ni a fi ègé tín-ín-tìn-ín kó jọ. Orúkọ wọn ni átọ̀mù. Iye tí ó wà nínú ẹyọ iyanrìn kan ṣoṣo, ẹnu kò lè kà á tán. Ohun mìíràn tí ó kéré jù wọ́n lọ, tí à ń pè ní ẹlẹ́tírọ́ọ̀nù, ni wọ́n fi ń bá ara wọn dá májẹ̀mú. Ọ̀nà mẹ́ta pàtàkì ni wọ́n ń gbà dá a. Èkíní ni ti ẹ̀bùn: nínú iyọ̀ ọbẹ̀, sódíọ̀mù fún kúlórínì ní ẹlẹ́tírọ́ọ̀nù kan, láti ìgbà náà ni àwọn méjèèjì sì ti ń fa ara wọn mọ́ra. Èkejì ni ti àjọní: nínú omi, háídírójìn 2 àti ọ́síjìn 1 jọ ń ni ẹlẹ́tírọ́ọ̀nù pọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni sílíkọ́nì àti ọ́síjìn nínú iyanrìn. Ẹ̀kẹta ni ti àpapọ̀, bí a ti ń rí i nínú irin: gbogbo átọ̀mù kó ẹlẹ́tírọ́ọ̀nù kan tàbí méjì sílẹ̀ fún gbogbo wọn. Ìdí nìyí tí irin fi lè tẹ̀ kí ó má dá.

Yàtọ̀ sí mẹ́ta yìí, ìfàmọ́ra kan wà tí kò lágbára tó wọn. Òun ni ó di amọ̀ gbígbẹ mú. Omi a máa ráyè wọ àárín ègé amọ̀, a sì tú wọn ká. Iná amọ̀kòkò ni ó sọ ìdìmú aláìlágbára yẹn di alágbára.

Irú iṣẹ́ iná bẹ́ẹ̀ ni ó mú sìmẹ́ǹtì wá. Ní Ewékorò, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ti wà láti ọdún 1960, òkúta ẹfun ni wọ́n ń wà. A lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ amọ̀, a sì sun ún nínú iná tí ó gbóná tó ìwọ̀n 1450 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ṣíọ̀sì. Iná náà tú májẹ̀mú àtijọ́ ká, ó sì fi ohun tí òǹgbẹ omi ń gbẹ sílẹ̀. Nígbà tí omi bá kàn án, ohun tuntun a bẹ̀rẹ̀ sí í hù nínú rẹ̀ bí irun wẹ́wẹ́, wọ́n a hun ara wọn, wọ́n a sì di iyanrìn àti òkúta mú. Nítorí náà, kọnkéré kì í gbẹ kí ó tó le. Dídì ni ó ń dì. Abẹ́ omi pàápàá ni ó ti lè dì.

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni èyí kọ́ wa. Èkíní, omi tí sìmẹ́ǹtì nílò fún májẹ̀mú yìí kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìwúwo rẹ̀ lọ. Díẹ̀ sí i ni a ń fi kún un kí ó lè ṣeé pò. Bí a bá bu omi rẹpẹtẹ sí i kí iṣẹ́ lè yá, èyí tí ó ṣẹ́kù yóò fà lọ, yóò sì fi ihò sílẹ̀. Èkejì, májẹ̀mú náà ń fẹ́ àkókò. Ó yẹ kí a máa bu omi wọ́n ọn fún ọjọ́ 7 ó kéré tán. Ọjọ́ 28 ni a sì fi ń díwọ̀n agbára rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù tí a mọ lánàá, tí oòrùn pa, tí a tà lónìí, ìka ọwọ́ ni yóò fọ́ ọ. Ẹ̀kẹta, iyanrìn gbọ́dọ̀ mọ́. Bí amọ̀ bá bo ẹyọ iyanrìn, sìmẹ́ǹtì kò ní rí ara rẹ̀ dì mọ́. Bí ó bá ní iyọ̀, irin inú kọnkéré yóò dípẹtà. Ìpẹtà sì gba àyè ju irin lọ, yóò la kọnkéré náà láti inú.

Ní ọdún 2014, àjọ SON là á kalẹ̀ pé sìmẹ́ǹtì 32.5 wà fún rírẹ́ ògiri nìkan, kí a fi 42.5 mọ búlọ́ọ̀kù, kí a sì fi í da òpó àti dẹ́kìn. Nọ́ńbà ara àpò yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Agbára ìdìmú náà lẹ́yìn ọjọ́ 28 ni ó ń sọ.

Ní ọdún 2014 kan náà, ní ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án, ilé àlejò kan wó ní Ìkòtún níhìn-ín. Ènìyàn 116 ni ó kú, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ àlejò láti Gúúsù Áfíríkà. Èmi kò mẹ́nu bà á láti fi ìjọ ẹnikẹ́ni ṣe ẹlẹ́yà. Ọ̀fọ̀ tó ṣẹ̀ wá gbogbo wa ni. Ní ọdún 2015, adájọ́ tí ó wádìí ikú náà sọ pé àìlera ilé náà fúnra rẹ̀ ni ó wó o. Ìyẹn fi hàn pé ohun méjì ni ó ń gbé ilé ró. Èkíní ni ètò òpó àti bíìmù: ti ẹnjiníà nìyẹn, ẹ má ṣe fi owó rẹ̀ dù ú. Èkejì ni ìdìmú tí mo ti ń sọ láti àárọ̀: ọwọ́ ẹni tí ń mọ búlọ́ọ̀kù, bíríkìlà, àti ẹ̀yin onílé ni ìyẹn wà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń mọ búlọ́ọ̀kù, ẹni tí ó bá fi àpò sìmẹ́ǹtì kan ṣe iṣẹ́ àpò méjì ti dín òṣùwọ̀n kù, bí ẹni tí ó yọ nínú kóńgò ìrẹsì. Ó tilẹ̀ burú jù ú lọ, nítorí ẹni tí ó ra ìrẹsì lè tún un wọ̀n nílé. Ta ni yóò tú ògiri wò? Ẹ̀yin onílé, ẹ má ṣe pọ́n búlọ́ọ̀kù olówó pọ́ọ́kú lé. Bí ẹ bá dé ibi tí wọ́n ti ń mọ ọ́n, ẹ bi wọ́n léèrè ọjọ́ tí wọ́n mọ ọ́n àti bí wọ́n ṣe ń bomi wọ́n ọn. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Bí ó bá sì wó, kì í yan ẹni tí ó rẹ́ni jẹ. Ọmọ tí ó sùn sí yàrá ìsàlẹ̀ ni ó ń bá.

Kí Ọlọ́hun ṣọ́ ilé àti ọ̀nà wa.