Bí Fóònù Bá Máa Jẹ́rìí Níwájú Adájọ́

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi àpéjọ ẹgbẹ́ wa ní Ararọ̀mí-Ọ̀pin)

Akọ̀wé ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí òfin, ó sì kìlọ̀ fún mi pé kí n má sọ ibí di kóòtù. Mo ti gbọ́. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bá yín sọ, nítorí ó ń pa àwa àgbà lára: ẹ̀rí tó wà nínú fóònù.

Nígbà tí a wà nílé ìwé, bí èèyàn bá ra ilẹ̀, wọ́n á kọ ìwé, àwọn ẹlẹ́rìí á fọwọ́ sí i tàbí kí wọ́n tẹ̀ka, ó di inú àpótí. Lóde òní ńkọ́? A ń dúnàádúrà lórí WhatsApp, a ń fowó ránṣẹ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀kan nínú wa (n kò ní dárúkọ rẹ̀, ó wà níbí, òun ló sì ní kí n sọ ọ́) ra ilẹ̀ báyìí. Ẹni tó tà á fún un kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i pé owó òun ti pé. Lẹ́yìn ọdún méjì, ó ní òun kò ta ilẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀rẹ́ wa gbé ìwé mẹ́rìnlá wá bá mi, àwọn ọ̀rọ̀ orí fóònù tí wọ́n tẹ̀ jáde fún un ní ṣọ́ọ̀bù kan. Mo ní, "Fóònù náà dà?" Ó ní òun ti fún ọmọ òun, ọmọ sì ti tà á.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi dákẹ́ lọ́jọ́ náà.

Òfin ẹ̀rí tí a ń lò láti 1945 kò mọ kọ̀ǹpútà rárá. Àwọn adájọ́ ni wọ́n ń gbìyànjú. Ní 1969, nínú ẹjọ́ Esso West Africa àti Oyegbola, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ pé òfin kò lè di ojú sí ọ̀nà tí àwọn oníṣòwò ìgbàlódé ń gbà pa ìwé mọ́. Ọ̀rọ̀ dáadáa ni, ṣùgbọ́n ó tó ọdún méjìlélógójì lẹ́yìn náà kí ìjọba tó ṣe òfin tuntun, ìyẹn Òfin Ẹ̀rí ti 2011. Abala 84 inú rẹ̀ ni kí ẹ di mú. Ohun tó ń béèrè kò le: kí ẹ̀rọ náà jẹ́ èyí tí a ń lò déédéé fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa wọ inú rẹ̀ déédéé, kí ara ẹ̀rọ náà dá, kí ohun tó wà lórí ìwé sì ti inú rẹ̀ jáde lóòótọ́. Ẹni tó mọ̀ nípa ẹ̀rọ náà lè fẹnu jẹ́rìí sí i, tàbí kó fọwọ́ sí ìwé-ẹ̀rí tó sọ irú ẹ̀rọ tó jẹ́ àti bí ìwé ṣe jáde. Ohunkóhun tó bá ń pa ọ̀rọ̀ mọ́, tó sì ń ṣiṣẹ́ lé e lórí, kọ̀ǹpútà ni lójú òfin yìí. Fóònù yín wà níbẹ̀.

Ẹ má rò pé àwọn ńlá kì í kọsẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn ìdìbò gómìnà Bayelsa ní 2012, wọ́n gbé ìwé méjì tí wọ́n tẹ̀ jáde láti orí íntánẹ́ẹ̀tì wá sílé ẹjọ́: ọ̀kan láti inú ìwé ìròyìn Punch, èkejì láti ojúlé INEC. Lọ́yà kàn dìde, ó fà á kalẹ̀, kò sí ẹlẹ́rìí tó tẹ̀lé e. Nínú ẹjọ́ Kubor àti Dickson yẹn, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ da méjèèjì nù. Kì í ṣe pé wọ́n ní irọ́ ni. Wọ́n ní kò gba ojú ọ̀nà wọlé.

Ti Ọ̀ṣun tiẹ̀ sún mọ́ wa jù. Lẹ́yìn ìdìbò oṣù keje 2022, Oyetola mú àbọ̀ tí INEC yọ látinú ẹ̀rọ àárín gbùngbùn wọn wá láti fi hàn pé ìbò ju àwọn tó dìbò lọ. Ìgbìmọ̀ tó kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà dá a láre ní oṣù kìíní 2023. Kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn yí i padà, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sì fọwọ́ sí i fún Adeleke ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù karùn-ún 2023. Wọ́n ní BVAS fúnra rẹ̀ dà, ẹ̀rọ tí wọ́n gbé lọ síbi ìdìbò? Ìwé orúkọ olùdìbò dà? Àbí ẹ rí i pé ìbéèrè tí mo bi ọ̀rẹ́ wa náà nìyẹn!

Ní 2023 kan náà ni wọ́n tún Òfin Ẹ̀rí ṣe, tí wọ́n fi àkọsílẹ̀ orí ẹ̀rọ àti ìfọwọ́sí orí ẹ̀rọ kún un. Abala 84 ṣì wà níbẹ̀. Ẹnìkan lè ní Area Court ni tòun, nítorí àwa ará Kwara fẹ́ràn rẹ̀. Lóòótọ́, òfin yìí kò fi bẹ́ẹ̀ dè wọ́n níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá délé ẹjọ́ gíga ńkọ́?

Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ owó tàbí ilẹ̀ bá wà nínú fóònù kan, ẹ má tà á, ẹ má fi tọrẹ, kódà bí ojú rẹ̀ bá fọ́. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ kankan rẹ́ nínú rẹ̀, títí kan èyí tí ẹ fi bú ẹni náà (mo mọ̀ yín). Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde níṣojú ẹni tó lè wá sọ bó ṣe tẹ̀ ẹ́, kí ó sì fọwọ́ sí ìwé-ẹ̀rí. Àláàtì nìkan kò tó. Ẹ lọ gba àkọsílẹ̀ àkáǹtì ní báńkì, kí ẹ sì béèrè ìwé-ẹ̀rí abala 84 pẹ̀lú rẹ̀.

Ní ti ọ̀rẹ́ wa, ọmọ náà wá ẹni tó ra fóònù kàn ní Erúkú, a sì rà á padà. Wọ́n ti nu inú rẹ̀ mọ́ fínnífínní. Àkọsílẹ̀ báńkì àti ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ ni a gbójú lé báyìí. Ẹjọ́ ṣì ń lọ. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀ nílẹ̀, kó wá bá mi lẹ́yìn oúnjẹ, kó sì mú fóònù dání.