Ewú Àrìnnàkò àti Aró Irun

Ọ̀rọ̀ tí a ó jọ sọ lónìí kéré lójú, ṣùgbọ́n orí ló kàn. Ohun tó bá sì kan orí kì í ṣe ohun àfọwọ́yẹpẹrẹ mú.

Àwọn àgbà ní: ewú logbó, irùngbọ̀n làgbà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn ewú kì í dúró de ogbó. Bí ó bá hù kí ènìyàn wa tó pé ọmọ 30 ọdún, àwọn oníṣègùn á ní ó ti yá jù. Kí ló ń fà á? Ohun kan wà ní gbòǹgbò irun tó ń mú un dúdú. Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá dáwọ́ dúró, funfun ni irun yóò máa hù. Lọ́pọ̀ ìgbà, láti ìdílé ni. Nígbà mìíràn, àìsàn ni, tàbí àìtó èròjà oúnjẹ kan tí à ń pè ní B12, tó wà nínú ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà. Bí ewú bá dé lójijì, tó sì ń rẹ ènìyàn ṣáá, kí onítọ̀hún lọ sí ọsibítù kí ó tó lọ sí ọjà.

Ewú kì í ṣe ẹ̀gàn. Ẹni tó bá fẹ́ fi tirẹ̀ sílẹ̀, ó dára. Ẹni tó bá fẹ́ pa á láró, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní dáì, kí ó gbọ́ nǹkan mẹ́ta.

Èkíní, àwọ̀. Ọ̀pọ̀ wa ló ń sáré mú dúdú kirikiri. Ṣùgbọ́n aró kì í yí gbòǹgbò irun padà. Irun ń hù tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 1 lóṣù, funfun náà ló sì ń bá jáde. Kí oṣù tó yí po, funfun báláú ti wà nísàlẹ̀, dúdú kirikiri wà lókè. Àṣírí tú nìyẹn! Bí ẹ bá mú àwọ̀ tó fúyẹ́ díẹ̀ ju dúdú lọ, bí àwọ̀ kóró kòkó gbígbẹ, ààlà yẹn kò ní hàn tó bẹ́ẹ̀. Díẹ̀ ni mo wí o. Ẹ má fò lọ sí pupa fòò. A ní láti kọ́kọ́ bó dúdú ara irun kí irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀ tó mú, irun tiwa tó ká sì máa ń tètè gé bí a bá bó o. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi oògùn na irun, kí ó fi ọ̀sẹ̀ 2 sí àárín, ó kéré tán.

Èkejì, ìdánwò. Kẹ́míkà kan tí à ń pè ní PPD wà nínú ọ̀pọ̀ aró irun. Ó máa ń bá àwọn kan jà: orí á máa yún wọn, ojú á wú. Ẹni tó ti lò ó rí láìsí wàhálà, ara rẹ̀ lè kọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kan. Ẹ fi díẹ̀ sí ẹ̀yìn etí, kí ẹ dúró fún wákàtí 48. Bí ibẹ̀ bá yún tàbí tó pọ́n, ẹ gbé e sọnù. Ẹ ṣọ́ra fún èyí tí wọ́n ń pè ní làálì dúdú pẹ̀lú. Làálì gidi kì í dúdú. PPD ni wọ́n sábà máa ń pò mọ́ ọn.

Ẹ̀kẹta, ẹ ka ìwé inú páálí. Ní Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí ọdún 1933, àwọn obìnrin kan fi aró kun ìpéǹpéjú, ojú àwọn mìíràn nínú wọn sì fọ́. Ní 1938, ìjọba ibẹ̀ ṣe òfin pé kí a kọ ìkìlọ̀ sára irú aró bẹ́ẹ̀. Ojú ènìyàn la fi ra gbólóhùn kékeré yẹn. Bí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ẹ pe ọmọ ilé-ìwé kí ó túmọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yin fúnra yín ẹ wo àwọn nọ́mbà: wákàtí ìdánwò, ìṣẹ́jú tí aró yóò lò lórí, ọdún tí yóò bàjẹ́. Ẹ ti mọ nọ́mbà kà báyìí. Kò sí ọlọ́jà tó lè sọ fún yín mọ́ pé kò sí nǹkan níbẹ̀.

Orí wa kò ní bàjẹ́.