Àwo Tó Wà Nísàlẹ̀ Àpótí

 

Lọ́jọ́ Sátidé, mo tú àpótí àwo orin mi palẹ̀. Texas Flood tí Stevie Ray Vaughan, ọmọ Oak Cliff ní Dallas níhìn-ín, gbé jáde ní 1983 ni mo ń wá. Chapter One tí ẹgbẹ́ BLO ṣe ní Nàìjíríà ní 1973 lọwọ́ mi bà. Berkley Jones ló ń ta gìtá, Laolu Akins ń lùlù, Mike Odumosu wà nídìí béèsì. Inú orúkọ wọn ni wọ́n ti fa BLO yọ.

Ó ti pẹ́ tí mo rà á. Nígbà yẹn, ariwo gìtá nìkan ni mo gbọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, mo tẹ́tí sí ìlù. Áà! Rọ́ọ̀kì ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìlù ọ̀hún ń rìn bí ẹni tó mọ ọ̀nà ilé. Mo wá rí Stevie Ray náà, mo gbé e sórí ẹ̀rọ, gìtá tiẹ̀ ń ké bí ẹni ń ṣọ̀fọ̀. Mo tún dá BLO padà. Ọ̀sán pọ́n, n ò tíì jẹun àárọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ kó àwo bàbá yín wá láti ilé, ẹ dákun, ẹ gbé e kúrò ní gáréèjì. Ooru Texas máa ń ká àwo kò. Ẹ gbé ọ̀kan sórí ẹ̀rọ lálẹ́ òní.