Ìrìn-àjò Àwa Mẹ́rin sí Etíkun Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé gbogbogbò ẹ̀ka wa ní Kánò)

 

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yọ ẹ̀gún kan kúrò lẹ́sẹ̀. A gbọ́ pé nígbà tí a kò sí nílé, àwọn kan ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé owó ẹgbẹ́ ni àwa mẹ́rin kó lọ jẹ nílùú Òyìnbó. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọdún mẹ́ta gbáko ni a fi dá àjọ láàárín ara wa, oṣù kan kò sì yẹ̀. Kọ́bọ̀ ẹgbẹ́ kò sí nínú rẹ̀. Ìwé ẹgbẹ́ wà lọ́wọ́ akápò, ẹni tó bá fẹ́ lè yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn mìíràn ní tiwọn bi wá pé, kí ni àwọn tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ń wá lọ sí etí omi? Ìbéèrè gidi nìyẹn, òun ni a sì dìde láti dáhùn. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí, yóò ní kò sí oko tó tó ti bàbá òun.

Ọmọ ọ̀kan nínú wa ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù. Òun ló gbà wá sílé. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, a wọ ọkọ̀ ojú irin ní ibùdó Victoria, nígbà tó sì fi máa di nǹkan bí wákàtí kan, a ti dé Brighton, ìlú ńlá kan létí òkun ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọjọ́ márùn-ún ni a lò níbẹ̀.

Ẹ má rò pé iyanrìn bíi ti etíkun Èkó ni a bá. Òkúta wẹ́wẹ́ ló kún ibẹ̀, ó ń ró wàrà-wàrà lábẹ́ bàtà. Oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì ni, oòrùn ń ràn, ṣùgbọ́n nígbà tí a ki ẹsẹ̀ bọ omi, òtútù náà gun wá dé àtàrí. Àwọn Òyìnbó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n gbé e kaná fún wọn. A ra ẹja díndín àti ọ̀dùnkún díndín. Bí ọ̀kan nínú wa ti fẹ́ fi ẹja sẹ́nu báyìí, ẹyẹ òkun funfun kan já wálẹ̀ láti òkè, ó gbé ẹja náà, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Alhaji wa ní, "Àṣé àwòdì Kánò ọmọlúàbí ni!" A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Àwọn ará ìlú náà kọ́ afárá méjì wọ inú òkun, kì í ṣe láti fi sọdá, bí kò ṣe láti fi gbafẹ́. Èyí tí wọ́n ṣí ní 1899 ṣì wà, èrò ń wọ́ lọ wọ́ bọ̀ lórí rẹ̀. Èkejì rẹ̀ tí wọ́n ṣí ní 1866 bàjẹ́ títí wọ́n fi tì í pa ní 1975. Ní 2003 iná jó o, ó sì ku egungun irin rẹ̀ nínú omi. A dúró wò ó pẹ́. Ohun tí wọ́n ti lè tún ṣe nígbà tó ṣì dúró, owó kò lè dá a padà mọ́.

Láti ibẹ̀ a gun òkè lọ sí ìjọ kan tó ti pẹ́ púpọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní St Nicholas. Kì í ṣe ìsìn ni a bá lọ, nítorí méjì nínú wa jẹ́ mùsùlùmí. Nítorí ọmọ Yorùbá kan ni a ṣe lọ. Orúkọ àmútọ̀runwá rẹ̀ ni Àìná. Ilẹ̀ Ẹ̀gbádò ni wọ́n ti bí i ní nǹkan bí ọdún 1843. Àwọn ọmọ ogun Dahomey kó ìlú wọn, wọ́n pa àwọn òbí rẹ̀, wọ́n sì mú un lẹ́rú lọ sọ́dọ̀ Ọba Gezo. Ní 1850 ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì kan, Frederick Forbes, dé ààfin Gezo, ọba náà sì fi ọmọdébìnrin yìí ta Ọbabìnrin Victoria lọ́rẹ. Bí Àìná ṣe di Sarah Forbes Bonetta nìyẹn: wọ́n fi orúkọ ọ̀gá ọkọ̀ sọ ọ́, wọ́n tún fi orúkọ ọkọ̀ kún un. Ọbabìnrin ló ń gbọ́ bùkátà ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì, 1862, nínú ìjọ tí a dúró sí yìí, ó fẹ́ James Davies, oníṣòwò ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Sàró. Èrò tó wá wo ìgbéyàwó náà pọ̀ jọjọ. Tọkọtaya padà wá gbé ní Èkó, wọ́n sì sọ àkọ́bí wọn obìnrin ní Victoria. Àìná kú ní erékùṣù Madeira ní 1880, kò tí ì pé ogójì ọdún.

Ẹ gbọ́ ohun tó yà wá lẹ́nu. Ọmọ tí ogun sọ di aláìní òbí, tí wọ́n fi ta ọba lọ́rẹ bí ẹni fi aṣọ ta ni lọ́rẹ, àwọn àjèjì mọ ọjọ́ tó gbéyàwó, wọ́n mọ ìjọ tó ti gbéyàwó, àwòrán rẹ̀ tí wọ́n yà ní 1862 sì ń bẹ ní Lọ́ńdọ̀nù di òní. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Ọ̀kan nínú wa wá béèrè pẹ̀lẹ́ pé, "Ta ló mọ ọjọ́ tí ìyá-ìyá mi dé Kánò?" Kò sí ẹni tó dá a lóhùn.

Ní ọjọ́ kẹrin, a wọ bọ́ọ̀sì gba etí òkun lọ síhà ìlà-oòrùn, láti lọ wo àwọn òkè tí wọ́n ń pè ní Arábìnrin Méje. Ẹ̀yin ará, ẹfun ni òkè wọ̀nyí, ẹfun funfun báláú, láti orí dé ìsàlẹ̀. Wọ́n tò sí etí òkun bí àwọn obìnrin tó wọ aṣọ àlà. Èyí tó ga jù lágbègbè náà, Beachy Head, ga tó ẹsẹ̀ bàtà 531. A fẹ́ rìn lábẹ́ wọn kí a lè ya fọ́tò dáadáa. Bàbá arúgbó Òyìnbó kan tó ń mú ajá rẹ̀ rìn pè wá padà. Ó ní òkun ń kún bọ̀, àti pé ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ló ń kún. Bí ó bá dé ìdí òkè, kò sí ọ̀nà àbáyọ fún ẹni tó bá wà níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wa fẹ́ bá a jiyàn nítorí omi ṣì jìnnà lójú tiwa, ṣùgbọ́n a fà á lọ́wọ́. Nígbà tó ṣe, a wẹ̀yìn wo ibi tí a dúró sí: ìgbì ti bò ó. Ẹni tí kò mọ ilẹ̀ yẹ kó gbọ́ràn sí ẹni tó mọ̀ ọ́n lẹ́nu. Àwa tí a ń gbé nílẹ̀ onílẹ̀, a kò gbọdọ̀ gbàgbé ìyẹn.

Ẹwà òkè wọ̀nyí ni àrùn wọn. Ẹfun kò le bí òkúta. Òkun ń jẹ ẹ́ lọ́dọọdún, apá kan rẹ̀ sì lè ya lulẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀. Ní ibì kan tí wọ́n ń pè ní Birling Gap, a rí àwọn ilé kan tí wọ́n kọ́ ní 1878. Nígbà náà, ilẹ̀ pọ̀ láàárín wọn àti òkun. Lónìí, òkun ti dé ẹ̀yìnkùlé, wọ́n sì ti wó díẹ̀ nínú wọn kí wọ́n má baà já sómi.

Níwájú díẹ̀ síbẹ̀, lórí òkè, ni ilé tí a tìtorí rẹ̀ dìde lónìí wà. Belle Tout ni orúkọ rẹ̀. Ilé iná tó ń tọ́ ọkọ̀ ojú omi sọ́nà ni tẹ́lẹ̀, ó sì ṣiṣẹ́ náà títí di 1902. Òkun jẹ ilẹ̀ títí ó fi sún mọ́ ọn gan-an. Ní 1999, wọn kò wó ilé náà, wọn kò sì fi í sílẹ̀ fún òkun. Wọ́n fi jáàkì gbé gbogbo rẹ̀ sókè tòun ti ògiri tòun ti òrùlé, ilé tó wúwo tó 850 tọ́ọ̀nù, wọ́n sì rọra sún un sẹ́yìn ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 56. Wọ́n tún ṣe ìpìlẹ̀ tuntun náà lọ́nà tí àwọn ọmọ wọn yóò fi lè tún un sún lọ́jọ́ iwájú. Wọ́n mọ̀ pé òkun kò ní dáwọ́ dúró.

Ìdí òkè yẹn ni a wà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà nígbà tí fóònù dún láti Kánò. Wọ́n ní Bàbá wa tó dàgbà jù lọ nínú ẹgbẹ́ ti jáde láyé.

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ owó tí ẹ sọ, a kò jẹ̀bi rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi kan wà lọ́rùn wa, a ó sì jẹ́wọ́ rẹ̀. Ẹ rántí ọdún tí a ń wá ọdún tí wọ́n ra ilẹ̀ gbọ̀ngàn yìí. A ṣí àpótí ìwé ẹgbẹ́, eruku ikán ni a bá. Bàbá nìkan ló kù tó mọ̀ ọ́n. Ó ní kí àwa mẹ́rin wá jókòó ti òun, òun yóò sọ gbogbo rẹ̀: àwọn tó kọ́kọ́ tẹ̀lé ojú irin wá lẹ́yìn tó dé Kánò ní 1911, àwọn tó kọ́kọ́ gba ilẹ̀ ní Sábọ̀n Gàrí, ìlú tí kálukú ti wá àti òwò tó ń ṣe. A ní, "Bàbá, bí a bá ti àjò dé." A lọ wo bí Òyìnbó ṣe ń gba ilé sílẹ̀ lọ́wọ́ òkun, tiwa sì já sómi lẹ́yìn wa. A kò tilẹ̀ bá wọn sin ín.

Nítorí náà ni a ṣe bẹ ìpàdé yìí pé kó gba ohun mẹ́ta yẹ̀ wò. Èkíní, kí ilé kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ dé Kánò nínú ìdílé wọn, ìlú tó ti wá, ọdún tó dé bí wọ́n bá mọ̀ ọ́n, àti iṣẹ́ tó ṣe. Èkejì, kí a kó àwọn fọ́tò àtijọ́ wá, kí àwọn ọ̀dọ́ fi fóònù dà wọ́n kọ, kí a sì kọ orúkọ ẹni tó wà nínú rẹ̀ kí ojú tó mọ̀ wọ́n tó pa dé. Ẹ̀kẹta, kí ọ̀dọ́ méjì-méjì máa lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà wa tó kù, láti ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Owó tó ṣẹ́kù nínú àjọ wa ni a ó fi ra ìwé àti àpótí irin tí ikán kò lè jẹ.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Ọmọ nọ́ọ̀sì wa bi wá pé, "Bàbá, ṣé ẹ ti gun òkè Dálá rí?" Ogójì ọdún ni a ti ń rí òkè náà nínú ìlú Kánò, ẹnikẹ́ni nínú wa kò gùn ún rí. A ó gùn ún lóṣù tó ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ bá wa lọ, kó wá forúkọ sílẹ̀. Èyí kò gba àjọ ọdún mẹ́ta.

 Ọlọ́run yóò dẹlẹ̀ fún Bàbá, ẹgbẹ́ wa kò sì ní tú. Àmín.