Ká Tó Fọwọ́ Síwèé Ọjà Òkè Òkun

Bí aṣọ tí ẹ rà ní Ṣáínà bá dé, tí kò bá àpẹẹrẹ mu, ta ni yóò dá ẹjọ́ náà? Kóòtù Èkó lè dá yín láre, ṣùgbọ́n ó ṣòro kí ìdájọ́ yẹn tó mú ẹni tó wà ní Ṣáínà.

Ìdí rèé tí àbítíréṣọ̀n fi wà. Ẹ̀yin àti oníbàárà yín lẹ ó jọ gbà, nínú ìwé, ibi tí wọn ó ti dá ẹjọ́ yín. Kì í ṣe ìlàjà o. Ohun tí wọ́n bá sọ, abẹ ge e. Àdéhùn New York ti 1958 ló fún un lágbára: Ṣáínà wọ̀ ọ́ ní 1987, Nàìjíríà ti wọ̀ ọ́ láti 1970. Kóòtù wọn yóò mú un ṣẹ, àfi bí àléébù ńlá bá wà níbẹ̀.

Kò pọn dandan kó jẹ́ Beijing tàbí London. Regional Centre for International Commercial Arbitration wà l'Ékòó, 1989 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ síwèé, àti èdè tí ẹ ó sọ, àti pé adájọ́ kan ṣoṣo ni, torí owó adájọ́ mẹ́ta pọ̀. Bí ọjà bá kéré, owó ẹjọ́ lè jẹ owó ọjà tán. Ẹ kọ ọ́ pé ẹ ó kọ́kọ́ jókòó yanjú ẹ̀.

Ẹni tí kò mọ̀wé, kó pe ẹni tó mọ̀ ọ́n kà á kó tó tẹ̀ka. Ọjà á tà o.