Kí Ẹ Tó Ra Páànù

Irin ni inú páànù onísíńkì. Síńkì ni wọ́n fi bò ó lójú. Bí nǹkan bá tilẹ̀ ha á lára díẹ̀, síńkì tó yí ojú ibẹ̀ ká ni ìpẹtà yóò kọ́kọ́ jẹ, kó tó kan irin.

Ẹ bi ọlọ́jà bó ṣe nípọn tó. Nínú gééjì, nọ́ńbà tó pọ̀ ló fẹ́lẹ́: 28 fẹ́lẹ́ ju 26 lọ. Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ wa kì í bèèrè ni ti ìwọ̀n síńkì. Z275 jẹ́ gíráàmù 275 lórí mítà kan níbùú lóròó, ojú méjèèjì lápapọ̀. Z100 kò tó ìdajì ìyẹn. Dídán ojú páànù kò lè sọ èyí fún yín.

Ẹ̀yin ìyá tó ń dín gaàrí, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi páànù onísíńkì ṣe agbada. Omi ẹ̀gẹ́ kan, ó sì ń jẹ síńkì wọnú oúnjẹ. Ẹ ní kí wẹ́dà fi irin tí kì í dípẹtà ṣe é.

Bí ẹ bá ti ra páànù yín, ẹ má tò wọ́n lé ara wọn sínú òjò. Omi tó bá há sáàárín wọn ló ń ba síńkì jẹ́, tí ojú páànù á fi funfun bí ẹfun.