Nígbà tí Ẹgbẹ́ Ipò Kìíní Bá Kọsẹ̀ Lẹ́nu Ọ̀nà

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń fi ìka tọ lẹ́tà lẹ́yọ lẹ́yọ, ẹ má ṣe kánjú. Ọ̀rọ̀ eré ni mo gbé wá lónìí, kò sí ẹni tí ń lé wa.

Baskẹ́ẹ̀tì ni eré náà, èyí tí àwọn ẹlòmíràn ń pè ní bọ́ọ̀lù agbọ̀n. Ọwọ́ ni a fi ń gbá a. Ènìyàn márùn-ún ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń kó sórí pápá, wọn a sì máa ju bọ́ọ̀lù sínú òrùka irin kan tí a gbé kọ́ sókè. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni eré yìí ti gbilẹ̀ jù. Ẹgbẹ́ 30 ni ó wà nínú ìdíje ńlá wọn tí a ń pè ní NBA, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan a sì gbá eré 82 lọ́dún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń ṣa àwọn 16 tí ó ṣe dáadáa jù: 8 ní apá ìlà-oòrùn, 8 ní apá ìwọ̀-oòrùn. Ẹni ipò kìíní a dojú kọ ẹni ipò kẹjọ. Ẹgbẹ́ tí ó bá kọ́kọ́ borí nígbà 4 a lọ síwájú, èkejì a re ilé.

Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún. Bí ẹgbẹ́ tí gbogbo ayé gbójú lé bá pàdánù eré kan tàbí méjì ní ìpele kìíní, àwọn olólùfẹ́ wọn a pín sí méjì. Àwọn kan a ní, "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, ojú oorun ni wọ́n ṣì wà, wọn yóò jí." Àwọn kejì a ní, "Ẹni tí ẹni kẹjọ ń dà láàmú, kí ni yóò ṣe bí ó bá pàdé ẹni kejì?" Ta ni ó tọ̀nà? Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀ràn kan tí ó kàn wá nítorí orúkọ.

Ẹgbẹ́ Milwaukee Bucks ni, ní ọdún 2023. Àgbà ọ̀jẹ̀ wọn nígbà náà ni Giannis Antetokounmpo. Ẹ tún orúkọ ìkẹyìn yẹn kà, ẹ kà á sókè. Ṣé kò jọ ohun tí ẹ mọ̀? Adétòkunbọ̀ ni. Ọmọ Yorùbá láti Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀, Ìgbò ni ìyá rẹ̀. Wọ́n ṣí lọ sí ilẹ̀ Gíríìsì ní 1991, Áténì ni wọ́n sì bí ọmọ náà sí ní 1994. Àwọn ará Gíríìsì kò ní lẹ́tà ẹyọ kan fún ìró "d" tiwa. Lẹ́tà "n" àti "t" tiwọn ni wọ́n ń so pọ̀ fún un. Fún "b", "m" àti "p" ni. Nígbà tí ó di ọmọ onílùú ní 2013, tí wọ́n fi lẹ́tà tí àwa mọ̀ tún orúkọ rẹ̀ kọ, "Adé" ti di "Ante", "bọ̀" sì ti di "mpo". Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́, gbogbo ayé sì ń pè é bẹ́ẹ̀ títí di òní.

Kí a padà sórí pápá. Bucks ti borí nígbà 58, wọ́n pàdánù nígbà 24. Kò sí ẹgbẹ́ tí ó ṣe tó wọn lọ́dún náà. Miami Heat tí wọ́n fẹ́ bá gbá borí nígbà 44, wọ́n pàdánù nígbà 38, agbára káká ni wọ́n sì fi rí ipò kẹjọ mú. Ní eré kìíní, Giannis ṣubú, ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀, kò lè gbá eré náà parí. Miami borí, 130 sí 117. Ní eré kejì kò gbá rárá, síbẹ̀ Bucks na Miami ní 138 sí 122. Àwọn olólùfẹ́ wọn ní, "Ẹ ò rí i bí?" Ṣùgbọ́n Miami mú ẹ̀kẹta. Giannis padà ní ẹ̀kẹrin, ọjọ́ náà sì ni Jimmy Butler ti Miami nìkan jẹ àmì 56. Ní ẹ̀karùn-ún, nílé Bucks gan-an, wọ́n fi àmì 16 ṣáájú nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú 12 péré. Butler bá wọn dọ́gba nígbà tí ó ku ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá kan. Wọ́n fi àkókò kún un, Miami sì borí, 128 sí 126. Ó parí, 4 sí 1.

Ẹ̀yìn tí ó ń dùn ún ni àwọn kan dì mú. Mo gbà díẹ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n Tyler Herro ti Miami náà kán lọ́wọ́ ní eré kìíní, kò sì sí ẹni tí ó ń sunkún rẹ̀. Àwọn mìíràn di ẹ̀bi ru olùkọ́ ẹgbẹ́, pé ó yẹ kí ó dá eré dúró ní ìparí kí ó gba àwọn ọmọ rẹ̀ níyànjú. Wọ́n lé e lọ́wọ́ iṣẹ́ ní oṣù karùn-ún. Èmi ní tèmi, síléètì ni mo mú. Bí wọ́n bá ṣẹ agbábọ́ọ̀lù, wọ́n a fún un ní bọ́ọ̀lù jù láìsí ẹni tí yóò dí i lọ́wọ́. Lọ́jọ́ ìkẹyìn yẹn Giannis ju 23, ó wọlé 10. Ẹ yọ 10 kúrò nínú 23. Àmì 2 ni wọ́n fi pàdánù! Síbẹ̀ ẹ má pè é ní ọ̀lẹ, nítorí àmì 38 ni ó jẹ lọ́jọ́ náà.

Ṣé kíkọsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wá jẹ́ òpin? Ní 2021, Bucks yìí kan náà pàdánù eré méjì àkọ́kọ́ níwájú Brooklyn ní ìpele kejì, wọ́n sì gba ife lọ́dún náà, èyí tí wọn kò rí gbà láti 1971. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbà á, Giannis ju 19 irú bọ́ọ̀lù yẹn, ó wọlé 17. Ènìyàn kan náà ni o! Ní 2008, Boston Celtics tí ó borí nígbà 66 gbá eré 7 kí wọ́n tó lè yọ Atlanta tí ó borí nígbà 37 péré. Àwọn ènìyàn pariwo pé ó tán fún wọn. Ẹni tí ó bá wò ó dáadáa yóò rí i pé nílé Atlanta nìkan ni wọ́n ti pàdánù, wọn kò pàdánù ọ̀kan nílé ara wọn. Àwọn ni ó gba ife.

Ti Dallas ní 2007 yàtọ̀. Wọ́n borí nígbà 67, Golden State tí ó wà ní ipò kẹjọ sì lé wọn sílé, 4 sí 2. Don Nelson tí ó ń kọ́ Golden State, òun ni ó ti kọ́ Dallas títí di 2005. Ó mọ igun ilé wọn gbogbo. Ohun tí mo ń wò nìyẹn: ibo ni wọ́n ti pàdánù, ta ni ó mọ àṣírí wọn, bọ́ọ̀lù mélòó ni wọ́n jù tí kò wọlé. Láti 1984 dé 2023, ìgbà 6 péré ni ẹni kẹjọ yọ ẹni kìíní. Denver ni ó kọ́kọ́ ṣe é, ní 1994, nígbà tí eré 5 ni wọ́n ń gbá ní ìpele kìíní. Seattle ti na wọ́n ní méjì àkọ́kọ́, wọ́n sì mú mẹ́ta yòókù. Dikembe Mutombo, ọmọ Kinshasa ní ilẹ̀ Kóńgò, ni ó gba bọ́ọ̀lù ìkẹyìn mú, ó sì dùbúlẹ̀ sílẹ̀ gbalaja, ó gbé e sókè lórí ara rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.